Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní ní Nairobi, ẹfọ̀n ni mo fẹ́ lọ wò

Àṣàkẹ́ Ọmọ Ọdẹ

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Nọ́ọ̀sì ni mí níbí n'Ìbàdàn. Ibi iṣẹ́ wa ń rán wa lọ sí Nairobi ní Kẹ́ńyà lóṣù Keje fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún. Ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú la ó wọ bàálù padà sí Èkó. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló ṣófo. Àwọn tá a jọ ń lọ ní ọjà làwọn máa lọ ní tiwọn. Èmi gbọ́ pé ọgbà ẹranko ìjọba kan wà tí kò jìnnà sí ìgboro, tí kìnnìún ń rìn fàlàlà nínú rẹ̀, tí kì í ṣe inú kéèjì. Ibẹ̀ lọkàn mi wà.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀. Ọdẹ ni bàbá mi. Ìgbẹ̀tì ni wọ́n ti wá, igbó apá Ọ̀yọ́-Ilé lọ́hùn-ún ni wọ́n sì ti ṣọdẹ nígbà èwe wọn kí wọ́n tó kó wa wá s'Íbàdàn. Bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ìjálá ẹfọ̀n ló kù. Ìwo ẹfọ̀n kan wà lókè ilẹ̀kùn yàrá wọn. Ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, àfi ọ̀gangan ibi tí àwa ọmọdé máa ń fò sókè fọwọ́ kàn, ibẹ̀ ń dán gbinrin. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún báyìí, bàbá ti lọ, n ò sì tíì fojú mi rí ẹfọ̀n láàyè rí. Gbogbo ẹranko ńlá tí mo mọ̀, ọgbà ẹranko Yunifásítì níbí ni mo ti rí wọn, pẹ̀lú irin láàárín àwa méjèèjì.

Ṣé ọjọ́ kan tó? Ṣé kí n bá awakọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì sọ ọ́ ni, àbí kí n wá àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe? Ṣé kò léwu? Mo sì fẹ́ rí erin pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní tá a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Èmi náà fẹ́ sọ ọ́.

Bàbá Fìyín

Àǹtí wa, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Nairobi, n ò sì lè ka iye ìgbà tí mo wọ ọgbà yẹn. Ọjọ́ kan tó, ó tó dáadáa.

Nairobi National Park lorúkọ ẹ̀. Ọdún 1946 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní Kẹ́ńyà. Láti àárín ìgboro síbẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà méje lọ, bí ìgbà téèyàn gbéra ní Dùgbẹ̀ tó ń lọ sí Yunifásítì. Kìlómítà 117 níbùú lóròó ni fífẹ̀ ẹ̀. Wọ́n fi wáyà ká a níhà mẹ́ta, àmọ́ ìhà gúúsù ṣí sílẹ̀, odò Mbagathi ló wà níbẹ̀, àwọn ẹranko sì ń gba ibẹ̀ jáde lọ sí pápá Kitengela, wọ́n ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ọgbà tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún ẹranko. Wọ́n ń jẹ ara wọn níbẹ̀.

Ẹfọ̀n pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹ fọkàn balẹ̀. Àgùnfọn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, ògòǹgò, ìmàdò, ìwọ̀nyẹn kò ní wọ́n yín. Àgbáńréré wà, dúdú àti funfun, ọ̀pọ̀ ọgbà tó tóbi jù ú lọ kò ní tó o. Kìnnìún wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè bá a dá àdéhùn. Ẹkùn wà, ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn sí i.

Erin ni kò sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kéré fún agbo erin. Èyí tẹ́ ẹ lè rí ni àwọn ọmọ erin aláìníyàá tí Sheldrick Wildlife Trust ń tọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àwọn olè ọdẹ ló pa ìyá àwọn mìíràn, ọ̀dá ló pa ti àwọn mìíràn. Wọ́n á fi ìgò wàrà bọ́ wọn títí wọ́n á fi lè dá dúró, wọ́n á wá kó wọn lọ sínú igbó Tsavo. Wákàtí kan péré, aago mọ́kànlá sí méjìlá ọ̀sán, ni wọ́n ń gba àlejò, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ má fi i dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Nǹkan tó ṣe pàtàkì jù nìyí: aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí géètì, ẹ wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà yẹn. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣáájú wa, aago mẹ́rin ìdájí ni yóò jẹ́ nílé, ara á fẹ́ kọ̀, ẹ má gbà fún un. Ìdájí ni kìnnìún ṣì ń ti òde ọdẹ bọ̀. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ó ti wọ abẹ́ igi lọ, tó bá sùn báyìí, etí ẹ̀ nìkan lẹ ó máa rí nínú koríko.

Ẹ má gbé awakọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. Ó mọ ọ̀nà, kò mọ ẹranko. Ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe ni kẹ́ ẹ wá, tó ní Land Cruiser tí òrùlé ẹ̀ ń ṣí sókè. Àwọn yẹn ní rédíò láàárín ara wọn, bí ọ̀kan bá rí kìnnìún níhà ìsàlẹ̀, á pe àwọn tó kù.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí lẹ́nu mi nítorí ó dùn mí dọ́kàn. Èmi náà lọ, mo sanwó fún ilé iṣẹ́ kan tí n ò ní dárúkọ, gbogbo owó ni mo san kí n tó kúrò nílé. Aago mẹ́fà la jọ sọ. Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n tó dé, èèyàn mẹ́fà ti wà nínú ọkọ̀, àárín gbùngbùn ni wọ́n fi mí sí. Nígbà tá a fi wọlé, oòrùn ti mú. Lẹ́yìn wákàtí méjì, awakọ̀ ní kí gbogbo wa lọ wo ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ère àti ìlẹ̀kẹ̀, ó fi wá síbẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Ìrù kìnnìún ni mo rí. Mo sunkún ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ni ọkọ̀? Aago mélòó ni wọ́n máa gbé yín? Ṣé owó ìwọlé wà nínú ẹ̀? Ṣé wọn ò ní yà síbì kankan tẹ́ ẹ ò bá ní kí wọ́n yà? Díẹ̀ ni kẹ́ ẹ san sílẹ̀, kẹ́ ẹ san èyí tó kù nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀.

Owó ìwọlé ọ̀tọ̀ ni o. Wọn kì í gba owó bébà lẹ́nu géètì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń san án, ti ọmọ onílé sì yàtọ̀ sí ti àlejò. Ojú ewé Kenya Wildlife Service, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà náà, ni kẹ́ ẹ ti wo iye ẹ̀ fúnra yín, kẹ́nikẹ́ni má pè é fún yín.

Nǹkan kejì, náílọ́ọ̀nù! Àwa tá a máa ń di bàtà sínú náílọ́ọ̀nù, di ọṣẹ sínú náílọ́ọ̀nù, di ẹ̀wà sínú náílọ́ọ̀nù. Láti ọdún 2017 ni Kẹ́ńyà ti fòfin de àpò náílọ́ọ̀nù, láti oṣù Kẹfà ọdún 2020 sì ni wọn ò ti jẹ́ kí èèyàn gbé ìgò omi oníke aláṣesọnù wọ ọgbà ẹranko. Ẹ wá ìgò irin dání. Ẹ fi àpò aṣọ kó ẹrù.

Àkànní Mọ́níyà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè ṣe gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan! Ọgbà láàárọ̀, ọmọ erin lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ lọ fún àgùnfọn lóúnjẹ ní Giraffe Centre ní Langata, ẹ ó sì tún bá ọjà Maasai nírọ̀lẹ́.

Bàbá Fìyín

Àbúrò mi, ẹ má bínú o, n ò fara mọ́ ọn. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Nairobi kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fojú kéré. Ẹni tó bá ń wo aago kì í rí ẹranko. Ibi téèyàn ti ń rí nǹkan ni ibi tó bá ti pa ẹ́ńjìnnì, tó dákẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ọgbà títí di bí aago mẹ́wàá, kẹ́ ẹ jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ erin, ó parí. Tí ara bá ṣì gbé e, ẹ padà wọlé.

Àṣàkẹ́ Ọmọ Ọdẹ

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á sanwó iṣẹ́. Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má rí mi bí ojo, ṣé kìnnìún kì í fò mọ́ ọkọ̀ náà? Orúnkún sì ń dùn mí, n ò lè dúró pẹ́.

Bàbá Fìyín

Ọkọ̀ kì í jọ ẹran lójú ẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára láti kékeré. Ẹni tó bá sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yí padà. Ibi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé ẹ lè sọ̀ nìkan lẹ ó sọ̀. Odò àwọn erinmi wà lára ibẹ̀, ẹ̀ṣọ́ oníbọn á tẹ̀ lé yín. Ti orúnkún, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ ò pàdánù nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Ẹgbẹ́ Yín

Súwẹ́tà o! Òkè ni ìlú yẹn wà, oṣù Keje sì ni òtútù ibẹ̀ ń mú jù. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ọjọ́ mẹ́wàá gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́.

Alàgbà Ṣakí

Ọmọ ọdẹ, mo kí ọ. Ọmọ ọdẹ lèmi náà. N ò ní kí o má lọ, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé Nairobi la ó ti lọ wo ohun tí bàbá rẹ ń sun ìjálá rẹ̀ nílé. Igbó tí wọ́n ti ṣọdẹ yẹn gan-an ni ìjọba sọ di Old Oyo National Park lọ́dún 1991. Kìlómítà 2,512 níbùú lóròó ni, ìlọ́po ogún ti Nairobi àti lé. Àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀. Ẹfọ̀n wà lára ẹranko ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn ti lé wọn débi pé bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀kadà lásán, wọ́n ti wọ igbó. Ipasẹ̀ ni àlejò máa ń rí jù. Kódà erin ṣì wà nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, mélòó nínú wa ló mọ̀?

Àwọn ará Kẹ́ńyà fòfin de ọdẹ ṣíṣe lọ́dún 1977. Ìyẹn ló fà á tí ẹranko wọn fi ń dúró wo èèyàn. Bó o bá dé ọgbà Nairobi yẹn, ní kí wọ́n mú ọ dé ibi tí wọ́n ti sun eyín erin. Moi, ààrẹ Kẹ́ńyà nígbà náà, dáná sun tọ́ọ̀nù 12 níbẹ̀ lọ́dún 1989 kí ayé lè mọ̀ pé títà rẹ̀ ti parí. Lọ́dún 2016 wọ́n tún sun tọ́ọ̀nù 105 nínú ọgbà kan náà. Eyín erin, nǹkan ọba lọ́dọ̀ wa! Dúró níbẹ̀ díẹ̀ fún mi.

Àṣàkẹ́ Ọmọ Ọdẹ

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Mo ní kí n má jẹ gbèsè ìròyìn.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀ la ti wà lẹ́nu géètì, èmi nìkan pẹ̀lú awakọ̀, òtútù ń mú kí eyín mi máa gbá ara wọn. Kò tíì tó wákàtí kan tá a wọlé tó fi pa ọkọ̀. N ò rí nǹkan kan. Ó ní kí n dúró. Ìgbà tí ìkùukùu ká díẹ̀ ni mo rí i pé àwọn nǹkan dúdú tí mo pè ní òkúta lọ́tùn-ún lósì wa ń mí. Ẹfọ̀n ni gbogbo wọn. Akọ kan, arúgbó, dúró síbi tí mo lè fi òkò bà láìfi agbára ju ú. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ kan ti fàya, ẹyẹ kékeré kan sì ń bá a yọ eégbọn létí kejì. Èémí rẹ̀ ń rú jáde bí ooru ìkòkò àmàlà. Kò sá. Ó kọjú sí mi, ó ń jẹ ẹnu lọ. N ò rántí ya fọ́tò. Ohùn bàbá mi ni mo ń gbọ́, mo sì bá ara mi tí mò ń kí i ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú àwọn oríkì tí mo rò pé mo ti gbàgbé.

Mo rí àwọn ọmọ erin, mo rí àgbáńréré méjì lókèèrè. Àgùnfọn kan dúró tí àwọn ilé gogoro Nairobi wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Kìnnìún kò yọjú, kò dùn mí. Alàgbà, mo dúró níbi eérú yẹn fún yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ìwo ẹfọ̀n ibẹ̀ nípọn, ó pàdé níwájú orí bí ẹni wé gèlè. Ìwo tó wà lókè ilẹ̀kùn wa kéré sí i, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Alàgbà Ṣakí

O ṣeun tó o dúró fún mi. Ẹfọ̀n ilẹ̀ wa kéré sí tiwọn, àwọ̀ ẹlòmíràn nínú wọn pọ́n, ìwo wọn kò sì nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan náà ni ìran wọn, ẹ̀yà ló yàtọ̀. Ti ilé ni ti bàbá rẹ.

Àṣàkẹ́ Ọmọ Ọdẹ

Á jẹ́ pé n ò tíì rí ti bàbá mi nìyẹn. Alàgbà, ìgbà wo ló dára láti lọ?

Alàgbà Ṣakí

Inú ẹ̀ẹ̀rùn, bí oṣù Kejì, tí koríko bá ti jó tán tí ẹran ń wá omi. Ọjọ́ kan kò ní tó o láti Ìbàdàn, wá àyè ọjọ́ mẹ́ta. Èmi á lọ sí olú iléeṣẹ́ wọn l'Ọ̀yọ́ kí n béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Bí wọ́n bá ní kò dáa, a ò ní lọ, a ó dúró de ọdún tó ń bọ̀. Fọ́tò ìwo yẹn, yà á ránṣẹ́ sí mi.