Wáyà tí wọ́n ní iná ti kúrò nínú rẹ̀: ìrírí àwa òṣìṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ní Abẹ́òkúta

Akọ̀wé ètò ààbò ẹ̀ka

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú ewu. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka ti fẹnu kò pé ìròyìn ẹgbẹ́ ti ìgbà yìí kò ní dá lórí owó ẹgbẹ́ àti ètò ìdìbò nìkan. A fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti bá wáyà pàdé, tí wọ́n sọ fún un pé iná ti kúrò nínú rẹ̀, tí iná sì wà níbẹ̀, sọ bí ó ṣe rí fún àwa yòókù. Kí a má dárúkọ ilé-iṣẹ́, agbaṣẹ́ṣe tàbí oníbàárà kankan. Iṣẹ́ náà gan-an ni kí a sọ.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú ni ìyípadà tó ti dé bá àwọn ilé tí a ń fa iná sí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná àwọn tó wà ní ìpele A (Band A), ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lọ lójúmọ́, sì ti fò sókè dé náírà 225 lórí yúníìtì kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa jẹnẹrétọ̀ tì, wọ́n ń ra sólà, bátìrì àti ínfátà. Ìtura ni fún wọn, iṣẹ́ sì ni fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gun òpó ti pàdánù àmì kan tí a gbára lé. Nígbà tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan ló wà, bí iná bá ti lọ, etí la fi ń mọ ilé tó ń pèsè iná fún ara rẹ̀, a ó sì lọ kan ilẹ̀kùn wọn kí a tó gbé àkàbà. Ínfátà kì í pariwo. Ilé lè dákẹ́ rọ́rọ́, kí iná rẹ̀ sì máa padà bọ̀ sórí wáyà ìta.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: tíráńsífọ́mà kò mọ iwájú, kò mọ ẹ̀yìn. Bí ó ṣe ń sọ fóltì 11,000 di 415 fún àdúgbò, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe sọ fóltì 240 tó ti inú ilé kan jáde di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì ní òdìkejì, bí wọn kò bá já a kúrò lára wáyà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí òpó ńlá ní òpópónà kejì kò ní mọ ibi tí ewu ti wá.

Láti Lafẹ́nwá

Ẹ ṣeun, Akọ̀wé. Tèmi ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, lẹ́yìn ìjì kan tó dá ẹ̀ka igi máńgòrò lu wáyà àdúgbò kan tí kò jìnnà sí odò Ògùn. A gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, a yọ gbogbo fíúsì ní ìdí tíráńsífọ́mà, ẹnì kejì mi sì kó wọn sínú àpò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn padà nígbà tí a bá wà lókè. Wáyà ti já ní agbedeméjì, nítorí náà ilé mẹ́ta péré ló kù lórí èyí tó wà ní apá ìparí. Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan tó ń dún.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan ohunkóhun kí tẹ́sítà tó kàn án, ì báà jẹ́ pé ojú wa ni wọ́n ṣe yọ fíúsì náà. Mo ti dán tẹ́sítà wò ní ìdí tíráńsífọ́mà nígbà tí iná ṣì wà níbẹ̀, kí n lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo gun òpó, mo nà án sí àwọn wáyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí nǹkan lára àkọ́kọ́, kò sí nǹkan lára èkejì. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ó tan yòò. Mo sọ̀ kalẹ̀.

A kan ilẹ̀kùn ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní èyí tó gbẹ̀yìn, màmá àgbàlagbà kan jáde sí wa, ó ní, “Ọmọ mi, a ò tan jẹnẹrétọ̀ o, a ti tà á tipẹ́.” Òtítọ́ ni màmá sọ. Ọmọ rẹ̀ ló ra bátìrì àti ínfátà fún un kí ó má baà máa dá jókòó sínú òkùnkùn. Ẹni tó so ó kò fi ohunkóhun síbẹ̀ tó lè já ilé náà kúrò lára wáyà ìta. Ó gbára lé e pé wọn yóò máa rántí pa súìṣì ńlá kí wọ́n tó tan ínfátà. Kò sẹ́ni tó sọ fún màmá. Ká ní wáyà àdúgbò náà kò já ni, ẹrù gbogbo ilé ìbá pọ̀ jù fún ínfátà náà, ìbá sì ti pa ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ilé mẹ́ta péré ló kù fún un láti gbé, ó ń gbé e lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibi tí wáyà bá ti já, tí ó sì dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti rọrùn, ibẹ̀ gan-an ni kí a ti ṣọ́ra jù.

Màmá sunkún nígbà tí a ṣàlàyé fún un, ó ń tún un sọ pé òun ìbá ti pa ọmọ ọlọ́mọ. A pẹ̀tù sí i lọ́kàn. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ rárá.

Láti Àdìgbẹ

Ẹ̀gbọ́n wa láti Lafẹ́nwá, ẹ kú orí ire. Iṣẹ́ inú ilé ni èmi ń ṣe ní tèmi, wáyà ilé àti sólà, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ láti ìhà ibi tí ewu yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ wa ló wà. Wọ́n pè mí sí ilé kan ní Asẹ̀rò pé kí n wá parí iṣẹ́ sólà tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀ àfi ṣénjófà, ìyẹn súìṣì tó ń yí ilé sí iná ìta tàbí sí iná ínfátà, tó sì ń já èkejì kúrò. Onílé ní owó ti tán, pé òun yóò máa fi ọwọ́ pa súìṣì ńlá. Mo ṣàlàyé fún un pé ènìyàn a máa gbàgbé, ọmọdé a máa fọwọ́ kan nǹkan, àlejò kò sì mọ èyí tí wọ́n ń pa. Bí ó ṣe ń bẹ̀ mí ni èmi náà ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò gbà, mo kó irinṣẹ́ mi, mo sì pàdánù owó iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò owó ilé-ìwé ni, mo sì nílò rẹ̀ gidigidi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló pè mí padà pé òun ti rà á.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń ka èyí mọ irú ṣénjófà tí mò ń sọ. Èyí tó ń já wáyà iná nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ já wáyà iná àti níútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, pọ̀, kí ó sì jẹ́ irú èyí tí kò lè wà ní ìhà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí mílíámpíà 30 bá ń sá lọ sílẹ̀ wúlò púpọ̀ fún àwọn tó wà nínú ilé, mo sì máa ń fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò gba ẹni tó wà lórí òpó là. Mo ti gbọ́ tí ọlọ́jà ń sọ fún oníbàárà pé bí ó bá ti ra ọ̀kan, kò nílò èkejì. Irọ́ ni, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ọ.

Mo rọ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́ lórí ìwé-ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò tó sì ń fún àwọn oníṣẹ́ ní ìwé-ẹ̀rí. Bí àwọn tó mọṣẹ́ kò bá ní ìwé lọ́wọ́, kí ni oníbàárà yóò fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ra páńẹ́ẹ̀lì tó sì ń pe ara rẹ̀ ní oníná?

Àgbà ẹgbẹ́ kan, Ìbarà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Mo wọ iṣẹ́ nígbà tó ṣì ń jẹ́ NEPA, mo wà níbẹ̀ nígbà tó di PHCN ní ọdún 2005, mo sì ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó gbé iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Tẹ́sítà dára, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí ẹ fi kan wáyà nìkan ni tẹ́sítà ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Iná lè dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn okùn tó ń so wáyà mọ́ ọ̀pá tó wọlẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ilẹ̀ wa yìí kò gba ẹ́ẹ̀tì bọ̀rọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, pàápàá ní ìhà Olúmọ àti Ìkijà, ọ̀pá bàbà yóò wọlẹ̀ dé orúnkún, yóò sì kan àpáta. Àpáta kì í gbé iná lọ bí ilẹ̀ tútù ṣe ń gbé e. Nígbà kan a ń tún wáyà fóltì 11,000 ṣe ní ibi tí wáyà fóltì 33,000 gbé ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. A ti pa ti wa láti ìdí rẹ̀, ọwọ́ wa ni ìwé àṣẹ wà. Síbẹ̀, bí a ṣe gbé orí ẹ́ẹ̀tì sún mọ́ wáyà, iná ṣẹ́ pàrà. Kò sẹ́ni tó tan án. Iná tó wà nínú wáyà kejì ló ń fi agbára rẹ̀ ràn án, nítorí pé wọ́n jọ sún mọ́ ara wọn ní ọ̀nà jíjìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára wa fẹ́ fi ẹ́ẹ̀tì sí wáyà kan ṣoṣo, kí ó sì gba ọ̀pá tó rì sórí àpáta gbọ́. Mo kọ̀ fún un. Lórí ilẹ̀ olókùúta, ohun tó kọ́kọ́ ń dáàbò bò yín ni kí gbogbo wáyà so pọ̀ mọ́ ara wọn, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́, kí ìyàtọ̀ fóltì má baà sí láàárín èyí tí ọwọ́ yín kàn àti èyí tí ara yín fara tì. Ilẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ de okùn mọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ọ̀pá tí iná kì í gbà kọjá gbé orí rẹ̀ kọ́ wáyà. Bí ẹ bá ń tú u, wáyà ni àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni ìkẹyìn.

Ọmọ mi láti Àdìgbẹ, o ṣe iṣẹ́ akọni ní Asẹ̀rò. Fún ẹ́ẹ̀tì inú ilé, bí ọ̀pá kò bá wọlẹ̀, gbẹ́ kòtò gígùn, tẹ́ bàbà sínú rẹ̀, so ju ọ̀pá kan lọ pọ̀, kí o sì fi èédú àti iyọ̀ bò ó. Ṣùgbọ́n òjò ń fọ iyọ̀ lọ, nítorí náà kí wọ́n máa pè ọ́ padà wá wọ̀n ọ́n.

Láti Ọbáńtókò

Ẹ kú àgbà, bàbá wa. Èmi ni iná gbé ní tèmi. Mò ń bá agbaṣẹ́ṣe kan ṣiṣẹ́ láì ní ìwé kankan. A wà lórí òpó nígbà tí ẹnìkan ní àdúgbò lọ dá fíúsì padà ní ìdí tíráńsífọ́mà, nítorí pé iná ti pẹ́ kí ó tó dé, kò sì sẹ́ni tí wọ́n fi ṣọ́ ibẹ̀. Bẹ́líìtì ni kò jẹ́ kí n já bọ́. Ọwọ́ òsì mi jó títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Ohun tó dùn mí ju ọwọ́ náà lọ ni pé agbaṣẹ́ṣe sọ ní ilé ìwòsàn pé òun kò mọ̀ mí. Ẹ̀ka yìí ló dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Alága ní kí n kó gbogbo ohun tí mo ní jáde: àwòrán inú fóònù tí a yà níbi iṣẹ́, àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀rí owó tó sanwọlé fún mi. Àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé òfin iṣẹ́ sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ mú gbogbo rẹ̀ lọ bá a, ó san owó ilé ìwòsàn. Ìka méjì kò nà dáadáa mọ́. Mítà ni mò ń tún ṣe báyìí, nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láì ní ìwé, mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó gun òpó lọ́la.

Láti Ìjẹmọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, Akọ̀wé, mo ní ìbéèrè. Ọ̀rẹ́ wa kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ ti lọ, lórí òpó ni. Ọdún kan kò tíì pé. Ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Wọ́n sọ fún ìyàwó náà pé kò sí ohun tó tọ́ sí i ju owó ìsìnkú lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Akọ̀wé ètò ààbò ẹ̀ka

Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìsanpadà náà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó fún ẹni tó farapa tàbí ìdílé ẹni tó kú lẹ́nu iṣẹ́. Bí olóògbé bá fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, tó jẹ́ òun nìkan ló ń bọ́ wọn, ohun tí òfin pè fún ni ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, lóṣooṣù. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti ròyìn ìjàǹbá náà. Ẹni tó bá farapa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́. Ìbéèrè fún owó náà gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan, nítorí náà kò sí àyè fún ìdúró.

Kí arábìnrin náà wá ìwé ẹ̀rí ikú, ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ àti ohunkóhun tó fi hàn pé ọkọ rẹ̀ ń gba owó níbi iṣẹ́ náà, kí ó sì kó wọn wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka. Bí kò bá lè wá, ẹ fi ibi tó ń gbé ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, àwa ni a ó lọ bá a.