Kànga gbẹ lóṣù kejì, ti ilé kejì kò gbẹ

OlómiTútù:
Ẹ kú ilé o. Ìbàdàn ni ilé wà. Kànga náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 28, oṣù kẹwàá ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Nígbà òjò, omi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu, ṣùgbọ́n tó bá ti di oṣù kejì, ẹrẹ̀ ni korobá ń kó bọ̀. Kànga ilé kejì, tí kò ju mítà 20 lọ sí tiwa, kì í gbẹ. Ṣé a ò bá iṣan omi pàdé ni? Ká gbẹ́ ẹ sí i, àbí ká lu borehole?

Yangí:
Oṣù kẹwàá yẹn gan-an ni àṣìṣe. Láti oṣù kẹta ni ilẹ̀ ti ń mu òjò, ó ti yó kẹ́ri, omi sì wà nítòsí. Ìparí ẹ̀rùn là ń gbẹ́ kànga, torí omi tí ẹ bá bá nígbà yẹn ni kò ní sá.

Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ iṣan. Orí àpáta àtijọ́ bíi gneiss àti quartzite ni Ìbàdàn wà, ògidì àpáta kì í sì í gba omi sára. Inú ìpele tó ti jẹrà lókè àpáta, àti ojú ibi tó ti sán, lomi máa ń wà. Yangí pupa lẹ ó kọ́kọ́ gbẹ́, lẹ́yìn náà amọ̀, lẹ́yìn amọ̀ ni ohun kan tó ṣì jọ àpáta, àmọ́ tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, á rún bíi gààrí. Ibẹ̀ lomi wà. Amọ̀ ń mu omi púpọ̀, àmọ́ ahun ni, kì í tètè tu ú sílẹ̀. Ó jọ pé inú amọ̀ ni tiyín dúró sí. Orí àpáta kò tẹ́jú lábẹ́ ilẹ̀. Mítà 20 tó kí ó fi jìn sí i lọ́dọ̀ aládùúgbò yín.

Súmò_àti_Ríǹgì:
Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá. Kí wọ́n tó náwó, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ní ìparí oṣù kẹta, ẹ fa omi inú rẹ̀ tán, kí ẹ wo bó ṣe ń gòkè fún wákàtí kan. Bí inú ríǹgì, òrùka kọnkéré tó gbé ògiri kànga dúró, bá fẹ̀ tó mítà 1, sẹ̀ǹtímítà 10 tó bá gòkè jẹ́ nǹkan bíi lítà 78. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ gbẹ́ ẹ sí i.

Ẹ má walẹ̀ lábẹ́ ríǹgì tó wà níbẹ̀ o, ó lè já lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ríǹgì kékeré, tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80, ni kẹ́ ẹ sọ̀ sínú ti àkọ́kọ́, kí ara rẹ̀ ní ihò, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀. Láti fa omi jáde, súmò oníná, ẹ̀rọ tí wọ́n ń rì sínú omi, ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ̀rọ olépo tó bá dúró lókè kò lè fa omi tó jìn ju nǹkan bíi mítà 7 lọ, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń sọ̀ ọ́ sínú kànga. Ikú nìyẹn! Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn.

OlómiTútù:
Ẹ ṣé gan-an. Borehole ńkọ́?

Yangí:
Tí ẹ bá ti fi tiyín débi tó ń rún bíi gààrí, ó lè má pọn dandan mọ́. Bó bá di dandan, kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò ná: irin mẹ́rin ni wọ́n máa ń kàn mọ́lẹ̀, iná gba inú méjì kọjá, wọ́n á ka ti méjì yòókù. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí ilẹ̀ jíjẹrà ti nípọn tàbí tí àpáta ti sán. Bí wọ́n bá lu ògidì àpáta tí kò sán, wọn ì bá dé mítà 100, eruku ni yóò máa jáde.

Súmò_àti_Ríǹgì:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ti Èkó wé e fún yín. Yanrìn lórí yanrìn ni tibẹ̀, omi iyọ̀ ni ìṣòro wọn. Àti pé níbo ni sọ́kàwéè wà? Bó bá wà níbi tí ilẹ̀ ti ga ju ti kànga lọ, tí àárín wọn kò sì tó mítà 30, ẹ wá ojú ibòmíràn.