Díkíṣọ́nárì àtẹ́lẹwọ́ wo ni kí n rà fún bàbá mi?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá mi ti lé ní 80 ọdún. Lárààárọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe crossword (eré fífi lẹ́tà kún àpótí kéékèèké kó lè di ọ̀rọ̀) inú ìwé ìròyìn, ìwé atúmọ̀-èdè ńlá á wà lórí itan wọn. Ojú ti ń ṣe bàìbàì báyìí, ìwé yẹn sì wúwo. Mo rí díkíṣọ́nárì Franklin kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde lójú rẹ̀: èèyàn á tẹ lẹ́tà tó mọ̀, á fi àmì ìbéèrè dí àyè èyí tí kò mọ̀. C?T á gbé CAT, COT àti CUT jáde. Ó wù mí gan-an! Àmọ́ ṣé lẹ́tà ojú rẹ̀ tóbi tó? Ṣé bọ́tìnnì rẹ̀ ò kéré jù fún ìka tó ń gbọ̀n? Fóònù kọ́ o, wọn ò fẹ́ ẹ rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra irú ẹ̀ fún òbí yín, èwo lẹ rà?