Ṣé kí wọ́n la ikùn ni, àbí kí wọ́n gba ihò kéékèèké?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ni wọ́n rí lára ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ìpele kìíní ni, kò sì tíì ràn. Dókítà fẹ́ fi kámẹ́rà gba ihò kéékèèké yọ ilé-ọmọ náà, kí ara lè tètè yá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń di báàgì.

Ṣùgbọ́n mo ka ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018: lẹ́yìn ọdún 4 àti ààbọ̀, nínú 100 obìnrin tí wọ́n la ikùn wọn, bíi 96 ló wà láàyè tí àrùn náà kò padà, ti oníhò kéékèèké jẹ́ 86. Àyà mi ń já gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, èwo ni wọ́n ṣe fún yín? Báwo la ṣe lè bi dókítà láìjẹ́ pé ó bínú?