Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àbúrò mi tó ń sun abẹ́ afárá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo bèèrè níbí lọ́jọ́sí bóyá ilé àdúrà ni kí n gbé àbúrò mi, ọmọ ọdún 19, lọ tàbí ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tá a rí i lábẹ́ afárá Ọ̀ṣòdì tó ń dá sọ̀rọ̀. Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, la gbé e lọ.

Oògùn ṣiṣẹ́, àmọ́ oògùn nìkan kọ́. Nígbà tó dé ilé, oṣù méjì gbáko ló fi ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bàtà lẹ́sẹ̀, báàgì lábẹ́ orí. Ẹni tó bá bọ́ bàtà lábẹ́ afárá, ó dàárọ̀ kó tó mọ̀ pé wọ́n ti jí bàtà náà. Ìgbà tí mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tiẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Oògùn nìkan ò tó, èèyàn tún nílò ibi tí ọkàn ẹ̀ ti balẹ̀: abájọ tí Dókítà Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ ní Aro nígbà yẹn, fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sáàárín àwọn ará abúlé ní 1954!

Ó ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ méjì. A ń gbé oúnjẹ síwájú ilẹ̀kùn. Ẹni tó ní ká dè é mọ́lẹ̀ nígbà tí mo bèèrè níbí, mo gbọ́ o, a ò dè é. Ẹ ṣeun, mo pa ọ̀rọ̀ náà dé.