Ọmọ mi ń bẹ̀rù agogo iléèwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àlàbá, Kétu
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 9, CE1 ló wà, ìyẹn kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Kútọnu ni wọ́n ti sọ fún wa pé ótísímù ló wà lára ẹ̀, ìyẹn ni pé ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa o, tí zém, ọ̀kadà tó ń gbé èrò, bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì, á ti sọ irú máṣíìnì tó jẹ́. Irin tí wọ́n ń lù níléèwé ni wàhálà wa, ríìmù mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò. Ó ti tó oṣù méjì báyìí, aago mẹ́rin ìdájí ló ti máa jí, á ní "Màmá, ṣé wọ́n máa lù ú lónìí?", mo dá a lóhùn ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, á tún bi mí. Inú á máa run ún, á di férémù ilẹ̀kùn mú. Mọ́ńdè tó kọjá bàbá ẹ̀ fi tipátipá gbé e sórí zém, ó bì sára aṣọ iléèwé ẹ̀, mo sunkún títí. Àwọn kan ní ká nà án, ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń ṣe é. Mo wá gbọ́ pé ìtọ́jú kan wà fún ìrònú àti ìṣesí tí wọ́n ń pè ní TCC, àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní CBT, ṣé ó lè wúlò fún irú ọmọ yìí?

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ àǹtí mi. Ẹ má nà án o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Èmi na tèmi rí torí ó ń sá fún ariwo òjò lórí páànù, ẹ̀rù òjò ò kúrò, ẹ̀rù èmi ló wá kún un. Ẹ má sì fi í sílé pátápátá náà, torí ọjọ́ tó bá jókòó sílé ara á tù ú, tó bá dọjọ́ kejì ẹ̀rù yẹn á le ju ti àná lọ.

Bọ̀ọ̀dá Sikolóògù, Àjàṣẹ́
Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Àlàbá. Sikolóògù ni mí, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni láti ran àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin nìkan kọ́ o, ìwádìí tí wọ́n kó jọ lọ́dún 2011 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tó ní ótísímù, nǹkan bí 40 ló tún ń bá irú ìpáyà tó le báyìí jà. TCC ò ní mú ótísímù kúrò, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń parọ́, ẹ̀rù ló ń bá jà. Ó ń kọ́ ọmọ kó mọ ìgbà tí ẹ̀rù ń bọ̀ lára ẹ̀, kó yẹ ohun tó ń rò wò bóyá òótọ́ ni, kó sì máa sún mọ́ ohun tó ń bẹ̀rù díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó bá irú àwọn ọmọ yìí mu, àwòrán dípò ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ, nǹkan tó fẹ́ràn, kí òbí gan-an wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà wọ́n fi ọmọ 167 tó wà láàárín ọdún 7 sí 13 dán an wò, èsì ẹ̀ jáde ní 2020, èyí tí wọ́n tún ṣe fún ótísímù ló ṣiṣẹ́ ju ti gbogbo gbòò lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ohùn irin yẹn ń dun etí ẹ̀ lóòótọ́ o. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ìbòtí fún un, kó sì jókòó jìnnà sí igi yẹn, ìyẹn kì í ṣe ohun tí a máa ní kó fara dà.

Ẹ ní ó fẹ́ràn máṣíìnì, ẹ lò ó. Ẹ ya jíà 1 dé 5 sórí páálí, 1 ni pé ara rọ̀ ọ́, 5 ni pé ẹ́ńjìnì ń ké, kó máa fìka tọ́ka síbi tó wà. Lẹ́yìn náà ẹ to àtẹ̀gùn, kó wo fọ́tò irin yẹn, kó gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí fóònù níwọ̀nba, kó lọ bá a ní Sátidé tí iléèwé dákẹ́, kó fọwọ́ kàn án. Ẹ má gun èyí tó kàn àfi tí jíà bá wálẹ̀. Ìbéèrè ìdájí yẹn, ẹ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá gbé páálí fún un, torí ìdáhùn ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá yẹn ló ń bọ́ ẹ̀rù náà.

Tíṣà kan, Kétu
Ìyá wa, ẹ bá dírẹ́tọ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní irú ẹ̀ ní kíláàsì mi, tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún mo máa ń sọ fún un. Nígbà tó yá òun la gbé irin kékeré yẹn fún kó máa lù ú, ohùn ẹ̀ ò já lù ú lójijì mọ́.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ má kánjú o, oṣù mẹ́rin ni tèmi gbà kó tó lè jókòó sí fáráńdà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ fún ìyá ọkọ yín níṣẹ́ kan ṣe níbẹ̀, àyà ọmọ ló ń já àwọn náà.

Ìyá Àlàbá, Kétu
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá wa tọ́ wọn. Ìyá àgbà ló gé páálí yẹn. Mo ti gba ohùn irin náà sórí fóònù, ó ní kí n gbé e lọ sí kíṣìnì kí n ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ìgbà tí mo jáde, ìka ẹ̀ wà lórí 4. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á wálẹ̀ sí 3, ó ní "Màmá, ẹ tún un tẹ̀."