Ṣíà wo ni kí n rà nígbà ọ̀wọ́n gógó yìí?

Ìyá Ṣeun, Arákalẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù pírófísọ̀n ni mo ní ní Arákalẹ̀, l'Ákùúrẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 náírà kan wà lọ́wọ́ mi tí n kò fẹ́ kó sórí ọjà, torí bí mo bá ta páálí Milo kan tán, owó rẹ̀ kì í tó ra òmíràn mọ́. Ọmọ mi ní kí n ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú iléeṣẹ́. Èmi wá rò ó pé kí n ra ti àwọn tó ń ṣe ọjà tí mò ń tà. Wọ́n ń fowó lé e ṣáá, oníbàárà ń kùn, ó sì tún ń rà á. Ṣé kò dáa bẹ́ẹ̀?

Tòkunbọ̀_FUTA:
Mà, ẹ fi ra tirẹ́ṣúrì bìlì (ìyẹn kẹ́ ẹ yá ìjọba lówó fúngbà díẹ̀) kẹ́ ẹ lọ sùn. Èlé rẹ̀ ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láwọn ìgbà kan ní 2024.

Bàbá Ìdànrè:
Ìyá Ṣeun, ẹ kú ọjà o. Tòkunbọ̀, ní Oṣù Kejìlá ọdún 2024 tí o ń wí yẹn, ọ̀wọ́n gógó wà ní 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó ẹni tó gba 20 ṣì dínkù. Àpapọ̀ ọjà NGX, ìyẹn ọjà ṣíà ilẹ̀ wa, fi 37.65 gòkè lọ́dún náà, díẹ̀ báyìí ló fi borí. 2023 ló dùn: 45.9, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó parí ọdún sí 28.92.

Ìyá, ojú ọjà yín ríran, àmọ́ ó ku ibì kan. Nestlé ló ni Milo yẹn. Ní 2023, owó tó wọlé fún wọn ju ti 2022 lọ, síbẹ̀ wọ́n pàdánù ohun tó lé ní bílíọ̀nù 79 náírà. Gbèsè dọ́là ni! Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà ọdún náà, tí iye rẹ̀ já wálẹ̀ sí dọ́là, gbèsè wọn wú lórí ìwé. MTN náà pàdánù bílíọ̀nù 400 ní 2024, bẹ́ẹ̀ ta ló jáwọ́ nínú ìpè? Nígbà tí náírà wá dúró díẹ̀ ní 2025, àwọn méjèèjì padà sí èrè. Ẹni tó rà nígbà tí gbogbo ayé ń sá ló jẹ adùn rẹ̀.

Ẹ wá wo Okomu àti Presco, àwọn iléeṣẹ́ epo pupa ní Ẹdó níbí. Ọ̀pẹ wọn wà nílẹ̀ wa, náírà ni wọ́n fi ń sanwó òṣìṣẹ́, àmọ́ iye owó epo ń tẹ̀lé dọ́là, torí epo òkè òkun ni wọ́n ń bá díje. Bó ṣe rí fún àwa olóko kòkó nìyẹn ní 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là. (Ẹni tó bá wá sí Ìdànrè nígbà yẹn á rí ọ̀kadà tuntun.)

Báńkì ńkọ́? GTCO, àwọn tó ni GTBank, pín èrè náírà 8 àti kọ́bọ̀ 3 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan fún 2024, Zenith pín 5. Ìjọba ń yọ 10 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀.

Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí ìwé ìṣirò ọdọọdún iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́, ọ̀fẹ́ ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kó wá ibi tí wọ́n kọ gbèsè sí, kó wò ó bóyá náírà ni àbí dọ́là.

Ìyá Ṣeun, Arákalẹ̀:
Háà! Milo tí mò ń fọwọ́ ara mi tà! Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀dọ̀ ta ni mo ti máa rà á?

Bàbá Ìdànrè:
Alágbàtà tó níwèé àṣẹ SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà, á ṣí àkáǹtì CSCS, níbi tí wọ́n ń kọ ṣíà yín pa mọ́ sí, fún yín. Ẹ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù e-dividend, kí èrè ṣíà lè máa wọ báńkì yín tààrà, lọ́jọ́ kan náà; ṣẹ́ẹ̀kì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi láyé ọjọ́un, òmíràn ò sì dé dòní. Owó ilé ìwé Ṣeun kò gbọdọ̀ sí nínú 500 yẹn o.